Orí Kẹfà: Ta Ló Láṣẹ Láti Rí Káàdì Yìí?

Èsì àyẹ̀wò HIV kì í ju ìlà kan lọ nínú káàdì aláìsàn. Ìlà kan yẹn lè tú ìgbéyàwó ká, ó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni, ó sì lè mú kí ẹni tó yẹ kó máa wá gba oògùn lóṣooṣù má fẹsẹ̀ tẹ ilé ìwòsàn mọ́. Ní ìlú bí Oǹdó, ẹni tó ń kọ káàdì lè jẹ́ ọmọ àbúrò ìyá ẹni, akápò sì lè máa gbé ní òdìkejì títì. Ẹni tó lè ka ìlà yẹn àti ẹni tí kò lè kà á kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré níbẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wà lórí bébà, ohun tó ń ran àṣírí lọ́wọ́ ni pé káàdì kan ṣoṣo ló wà, ibì kan ṣoṣo ló sì lè wà lẹ́ẹ̀kan. Kọ̀ǹpútà ti mú ìyẹn kúrò. Káàdì orí kọ̀ǹpútà lè ṣí ní yàrá dókítà, ní fámásì, ní láàbù àti ní ọ́fíìsì akápò láàárín ìṣẹ́jú kan náà.

Àwọn tó ṣòfin mọ èyí. Òfin Ìlera ti Nàìjíríà, ti ọdún 2014, sọ ọ́ di ojúṣe ẹni tó ń darí ilé ìwòsàn láti ṣètò ohun tí kò ní jẹ́ kí ẹni tí kò láṣẹ dé ibi tí àkọsílẹ̀ aláìsàn wà. Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 tún ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni mọ́ dátà ẹlẹgẹ́ tó gba ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ohun tó ń mú òfin náà ṣẹ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí èrò ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ni ojú ìwé kan tí aláìsàn kì í fojú rí. Orúkọ òṣìṣẹ́ wà ní apá òsì rẹ̀, àwọn àpótí kéékèèké tò sí apá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ ṣókí sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: rí káàdì, kọ sínú káàdì, kọ oògùn, gba owó, pa àkọsílẹ̀ rẹ́. Ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà á máàkì èyí tó bá tọ́ sí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn máàkì yẹn ni mo fẹ́ ká wò.

Kò sí àṣẹ kankan nínú àpótí náà. Àwòrán ni. Àṣẹ gan-an wà nínú dátábéèsì, níbi tí a kọ ọ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ ẹni tó kọ ètò kọ̀ǹpútà ni láti so àwòrán yẹn mọ́ àkọsílẹ̀ náà, kí ohun tí ojú ń rí má yàtọ̀ sí ohun tí kọ̀ǹpútà mú lò. Bí ìsopọ̀ náà bá yẹ̀ díẹ̀, ọ̀gá ilé ìwòsàn á wo ojú ìwé, á rí àpótí tó ṣófo, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, nígbà tí òṣìṣẹ́ náà ń ka káàdì tí kò yẹ kó kà.

Ọ̀nà tí a ń gbà kọ àṣẹ sílẹ̀ ti pẹ́. Ní ọdún 1971, Butler Lampson ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé rẹ̀ bíi tábìlì ńlá kan: orúkọ ènìyàn ní ẹ̀gbẹ́, ohun tí a ń dáàbò bò lókè, kí a sì kọ ohun tí ẹni náà lè fi nǹkan náà ṣe síbi tí méjèèjì ti pàdé. Ojú ìwé alápòótí wa jẹ́ ìlà kan nínú irú tábìlì bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá náà, ọ̀rọ̀ yìí ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ní 1989 ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ àti Fásitì Kuopio ní Finland bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àkọsílẹ̀ aláìsàn sórí kọ̀ǹpútà. Orí FileMan, irinṣẹ́ tí àwọn ilé ìwòsàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà ń lò, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e kà. Nínú FileMan, fáìlì lè ní lẹ́tà àṣẹ tirẹ̀, òṣìṣẹ́ náà ní lẹ́tà tirẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì fi méjèèjì wé ara wọn kó tó ṣí fáìlì. Kò sí àpótí aláràbarà kankan níbẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ sí ti òní.

Ìdí tí nọ́ńbà fi ń di ìlọ́po méjì

Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà kì í tọ́jú máàkì márùn-ún sí ọ̀nà márùn-ún. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi pamọ́. Unix, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní 1969, ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní: kíka fáìlì jẹ́ 4, kíkọ sínú rẹ̀ jẹ́ 2, mímú un ṣiṣẹ́ jẹ́ 1, ẹni tó sì lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 7.

Ẹ jẹ́ ká fún àwọn àpótí wa ní nọ́ńbà: rí káàdì, 1, kọ sínú káàdì, 2, kọ oògùn, 4, gba owó, 8, pa àkọsílẹ̀ rẹ́, 16. Nọ́ọ̀sì tó lè rí káàdì, tó sì lè kọ sínú rẹ̀, ní 3. Dókítà tó lè ṣe méjèèjì, tó tún lè kọ oògùn, ní 7. Akápò tó ń rí káàdì kó tó gba owó ní 9.

Kí ló dé tí a kò kàn lo 1, 2, 3, 4, 5? Bí “kọ oògùn” bá jẹ́ 3, kò sí bí a ṣe máa mọ̀ bóyá 3 tó wà níwájú orúkọ nọ́ọ̀sì túmọ̀ sí kíkọ oògùn nìkan, tàbí rírí káàdì àti kíkọ sínú rẹ̀ papọ̀. Nọ́ńbà tó ń di ìlọ́po méjì kì í fa irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ṣe lè wù kí ẹ ro 1, 2, 4, 8 àti 16 pọ̀, tí ẹ kò bá ti lo ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀nà méjì kò lè já sí iye kan náà. Láti 0 títí dé 31, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ kan, ìtumọ̀ kan náà sì ni. Mo ka èyí sí ọ̀kan lára àwọn ohun tó dùn jù nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, nítorí pé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìròpọ̀ lè fi bébà àti bírò yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ojú ìwé akápò bá ṣí, kọ̀ǹpútà á gbé 9 síwájú, á sì tú u. Ṣé 1 wà nínú rẹ̀? Ó wà. 2? Kò sí. 4? Kò sí. 8? Ó wà. 16? Kò sí. Àpótí kìíní àti ìkẹrin á gba máàkì, àwọn yòókù á ṣófo.

Ibi tí ọwọ́ ti ń yọ̀ ni ìgbà tí a bá fẹ́ yí i padà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ á rò pé bí wọ́n bá ti máàkì àpótí, kí òun ṣáà ro nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ èyí tó wà nílẹ̀. Bí a bá fún akápò láyè láti kọ sínú káàdì, 9 àti 2 di 11, ó sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège ńkọ́, tí ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà tẹ bọ́tìnì ìfipamọ́ lẹ́ẹ̀mejì? 11 àti 2 di 13. Ẹ tú 13 wò: 8, 4 àti 1. Àyè láti kọ sínú káàdì, tí a torí rẹ̀ tẹ bọ́tìnì, ti pòórá, akápò sì ti di ẹni tó lè kọ oògùn fún aláìsàn, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó máàkì “kọ oògùn” fún un rí.

Ìyọkúrò burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ọ̀gá pàṣẹ pé kí wọ́n gba àyè kíkọ sínú káàdì lọ́wọ́ gbogbo akápò, tí ètò náà sì yọ 2 kúrò nínú nọ́ńbà ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn láìwò bóyá ó ní i. Akápò tí kò ní i tẹ́lẹ̀, tó wà ní 9, á bọ́ sí 7. Nọ́ńbà dókítà nìyẹn. Àṣẹ tí a fẹ́ fi dín agbára rẹ̀ kù ló sọ ọ́ di dókítà, ó sì gba àyè owó gbígbà, tíí ṣe iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn èdè ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà fi ní ìṣirò méjì mìíràn fún iṣẹ́ yìí, tó yàtọ̀ sí ìròpọ̀ àti ìyọkúrò. Èkíní ń wí pé: rí i dájú pé 2 wà níbẹ̀. Bí ó bá ti wà, kì í fi kún un, kódà bí a tẹ bọ́tìnì nígbà ogún. Èkejì ń wí pé: rí i dájú pé 2 kò sí níbẹ̀. Bí kò bá sí tẹ́lẹ̀, kì í fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ ra ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn, tí kò tiẹ̀ mọ èdè kọ̀ǹpútà kankan, lè dán èyí wò: kí ó fún òṣìṣẹ́ kan ní àyè kan lẹ́ẹ̀mejì léraléra, kí ó gbà á padà lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì wo gbogbo àpótí yòókù bóyá wọ́n wà bí wọ́n ṣe wà.

Àṣìṣe kan wà tó fara sin ju ìyẹn lọ. Ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà tẹ orúkọ akápò, àwọn àpótí akápò hàn. Ó tún tẹ orúkọ nọ́ọ̀sì. Ó fẹ́ wò ó lásán ni, kò fẹ́ yí ohunkóhun padà. Kọ̀ǹpútà ní láti mú máàkì akápò kúrò, kó sì gbé ti nọ́ọ̀sì sí i, àpótí kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí ẹni tó kọ ètò náà bá ti pàṣẹ pé, “Nígbàkigbà tí àpótí bá yí padà, lọ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀,” kọ̀ǹpútà kò mọ̀ bóyá ọwọ́ ènìyàn ló yí i padà ni àbí òun fúnra rẹ̀. Ó dé orí àpótí kejì, ó máàkì rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì. Àpótí ti yí padà, ó bá sáré lọ kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí máàkì “gba owó” tó jẹ́ ti akápò ṣì wà lórí àpótí ìkẹrin. Nọ́ńbà nọ́ọ̀sì kúrò ní 3, ó di 11. Nígbà tó fi máa dé orí àpótí ìkẹrin, tó padà lọ wo àkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì láti mọ ohun tó yẹ kó fi síbẹ̀, 11 ló bá, ó sì fi máàkì náà sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti lè gba owó ilé ìwòsàn. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ kò ṣe ju pé ó tẹ orúkọ méjì lọ.

Microsoft gbé ìsopọ̀ tó rọrùn jáde fún Windows ní 2006 nínú ohun tí wọ́n ń pè ní WPF, àpótí àti àkọsílẹ̀ sì lè máa bá ara wọn lọ láìjẹ́ pé ẹni tó kọ ètò ń darí ìṣípòpadà kọ̀ọ̀kan. Ó dín irú àṣìṣe yìí kù. Síbẹ̀, èrò tèmi ni pé kò yẹ kí àṣẹ òṣìṣẹ́ máa wọlé ní gbàrà tí a bá fọwọ́ kan àpótí. Kí ojú ìwé dúró bó ṣe wà títí a ó fi tẹ “Fi pamọ́”, kí kọ̀ǹpútà sì kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́ yí padà ní gbólóhùn tó yé ọmọ aráyé: “Ẹ fẹ́ fún akápò yìí láyè láti kọ sínú káàdì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Àṣẹ ènìyàn àti àṣẹ ipò

Bí òṣìṣẹ́ bá pọ̀, máàkì lọ́kọ̀ọ̀kan á di wàhálà. Ní 1992, David Ferraiolo àti Richard Kuhn, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún àjọ NIST ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kan kalẹ̀ pé kí a so àṣẹ mọ́ ipò, kí a sì wá fi ènìyàn sí ipò. Akúrẹ́ mọ irú èyí tipẹ́. Bí Déjì, ọba Akúrẹ́, bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ni í di adelé, tí í máa múra bí ọba, tí í sì máa bá àwọn ìjòyè tọ́jú ìlú. Lẹ́yìn tí Ọba Adébíyì Adéṣídà wàjà ní 2013, Ọmọba Adétutù Adéṣídà-Ojei ló wà nípò náà títí Ọba Aládétóyìnbó Aládélúsì fi gorí ìtẹ́ ní 2015. Àṣẹ tí wọ́n lò láàárín ìgbà yẹn jẹ́ ti ipò adelé. Ọjọ́ tí ipò náà parí ni àṣẹ parí, kò sì sẹ́ni tó ń jókòó ka àṣẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti gbà á padà.

Lórí kọ̀ǹpútà, èyí túmọ̀ sí pé àpótí kan lè ní máàkì fún ìdí méjì: nítorí ipò, tàbí nítorí pé a fún ẹni náà gan-an. Ojú gbọ́dọ̀ lè mọ ìyàtọ̀. Windows ń fi àpótí tó ṣókùnkùn, tí kò ṣeé tẹ̀, hàn fún àṣẹ tí fáìlì jogún láti ara fódà tí fáìlì náà wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó ń wò ó lè mọ̀ pé ibòmíràn ni òun ti máa yí i padà. Bákan náà, bí a bá yan nọ́ọ̀sì mẹ́wàá pọ̀, tí mẹ́fà nínú wọn ní àyè kan tí mẹ́rin kò ní i, àpótí náà kò gbọ́dọ̀ ṣófo, kò sì gbọ́dọ̀ ní máàkì. Ó gbọ́dọ̀ ní ojú kẹta, tó ń wí pé wọn kò dọ́gba. Ètò tí kò ní ojú kẹta yẹn á ṣe irọ́ fún ọ̀gá, ọ̀gá á sì tẹ “Fi pamọ́” lórí irọ́ náà.

Ibi tó ti ń dun àwọn aláìsàn jù ni ibi tí àpótí bá gbòòrò jù. “Rí káàdì” tí mo fi sókè fún akápò kò dára tó, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí a fi dé ibí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń rí nínú ọ̀pọ̀ ètò. Orúkọ aláìsàn àti iye owó ni akápò nílò. Kò nílò èsì àyẹ̀wò. Ó yẹ kí “rí èsì àyẹ̀wò” ní àpótí tirẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ á sì jẹ́ 32. Ọjọ́ tí a bá fi àpótí tuntun yẹn kún un, kí ó ṣófo fún gbogbo òṣìṣẹ́, kí a tó wá máa máàkì rẹ̀ fún ẹni tó tọ́ sí. Jerome Saltzer àti Michael Schroeder ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1975 pé kí ètò máa bẹ̀rẹ̀ láti orí “kò sí àyè”, kí a sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kìkì àṣẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ gbà. Ẹni tó kọ ètò kò lè dá pinnu ẹni tó nílò èsì àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì ló mọ̀ ọ́n. Inú mi á dùn bí àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní fásitì FUTA, Akúrẹ́, àti àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ìlera ní fásitì UNIMED, tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ sí Oǹdó ní 2015, bá lè máa jókòó pọ̀ sídìí irú ojú ìwé yìí kó tó di pé aláìsàn kankan wọ inú rẹ̀.

Gbogbo èyí á já sásán bí ìyẹ̀wò bá mọ sí ojú kọ̀ǹpútà nìkan. Ọ̀pọ̀ ètò kéékèèké ń fi bọ́tìnì pamọ́ kúrò lójú ẹni tí kò láṣẹ, wọ́n sì gbà pé ó parí síbẹ̀. Bí dátábéèsì bá jẹ́ fáìlì Microsoft Access tí a gbé sínú fódà tí gbogbo òṣìṣẹ́ jọ ń lò, ẹnikẹ́ni tó bá mọ ibi tí fódà náà wà lè fi fúláàṣì kó gbogbo káàdì lọ ilé, kò sì ní pàdé àpótí kankan lọ́nà. Kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà ló gbọ́dọ̀ máa béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kà tàbí kọ, pé ta nìwọ, kí ni nọ́ńbà rẹ? Bọ́tìnì tí a fi pamọ́ dára, torí ó ń jẹ́ kí ojú ìwé mọ́ tónítóní; kì í ṣe ààbò.

Ẹni tó ti lọ, àti òru tí dókítà kò sí

Àgùnbánirọ̀ ń lo ọdún kan. Dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde náà ń lo ọdún kan lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́. Nọ́ọ̀sì lè kúrò ní ilé ìwòsàn kan ní Akúrẹ́ lọ sí òmíràn ní Oǹdó, dókítà sì lè ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí orúkọ wọn bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá mọ pásíwọ́ọ̀dù wọn lè máa fi wọlé. Ọjọ́ tí a bá ṣí orúkọ fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni kí a ti kọ ọjọ́ tí yóò parí sí i.

Pásíwọ́ọ̀dù tí gbogbo wọ́ọ̀dù jọ ń lò tún wà, tí wọ́n kọ sára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn kan máa ń bínú sí àwọn nọ́ọ̀sì nítorí rẹ̀. Èmi kì í bínú sí wọn. Ó sábà máa ń jẹ́ àmì pé àwọn àpótí ti le jù. Aboyún kan dé ní agogo méjì òru, ẹ̀jẹ̀ ń dà, nọ́ọ̀sì nílò láti mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀, kọ̀ǹpútà sì ní kò láṣẹ. Ẹni tó bá ti rí irú òru bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á wá pásíwọ́ọ̀dù dókítà pamọ́ de ìgbà mìíràn, ẹ̀mí ló sì fẹ́ gbà là.

Ohun tó yẹ ni àyè pàjáwìrì. Kí bọ́tìnì kan wà tí nọ́ọ̀sì lè tẹ̀, tí káàdì yẹn nìkan á ṣí fún un, kì í ṣe gbogbo káàdì. Kí kọ̀ǹpútà béèrè ìdí ní ìlà kan, kí ó kọ orúkọ nọ́ọ̀sì náà, ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀ síbi tí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ kò lè pa á rẹ́, kí ó sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí olórí wọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, kí àyè náà kú fúnra rẹ̀. Ní àárọ̀, olórí wọ́ọ̀dù á ka ìdí tó kọ, á fi wé ohun tó wà nínú káàdì aboyún náà, á sì fọwọ́ sí i tàbí kó pè é láti bi í léèrè.